Ìyípo Mẹ́wàá Nínú Òjò

Mo ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ilé ọkọ mi ní Ìlódè nígbà tí òjò àárọ̀ ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òjò tí ń pariwo. Òjò wínníwínní oṣù kẹjọ ni, èyí tí í rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ láìsinmi, tí í mú kí aṣọ tí a sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa rùn kó tó gbẹ. Omi ògì náà tutù wọ egungun ọwọ́ mi. Mo fún èérí náà títí ó fi gbẹ, mo bo ìkòkò, mo dìde, ẹ̀yìn sì ń ro mí bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ tán, bẹ́ẹ̀ ni agogo méje kò tíì lù. Ọjọ́ ìdánwò wa ni. Mo wọ ṣòkòtò òkìríkà kan tí mo tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí, mo ró ìró méjì lé e, mo sì kúnlẹ̀ kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe láràárọ̀. Bàbá ọkọ mi nìkan ni n kò rí kí. Wọ́n ní ó ti jí jáde lọ sí Sábó láti lọ wo àgbò. Inú mi dùn díẹ̀, nítorí òun gan-an ni mo ń fi ìró méjì náà pa ṣòkòtò mọ́ fún.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti parí ilé-ìwé girama, mo ti ṣe ìyàwó fún ọdún méjì, mo sì ti ṣe káṣúà fún ọdún mẹ́rin ní ọ́fíìsì ìlera kan ní Ilé-Ifẹ̀. Káṣúà ni ẹni tí kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ ìgò, ó ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sínú káàdì àjẹsára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún un lónìí pé kó má wá lọ́la, kò ní ìwé kankan tí yóò fi bi wọ́n léèrè. Ọdún yẹn ni wọ́n kó máṣíìnì mẹ́fà wá sí ọ́fíìsì, alùpùpù tuntun aláwọ̀ pupa, pé kí a máa fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé oko tó wà lẹ́yìn Edunabon, níbi tí mọ́tò kì í lè dé bí òjò bá ti mú ilẹ̀. Inú kúlà tó kún fún yìnyín ni abẹ́rẹ́ náà máa ń wà, bí yìnyín bá sì yọ́ kó tó débẹ̀, omi lásán ni wọ́n gún fún ọmọ. Wọ́n ní káṣúà obìnrin tó bá mọ̀ ọ́n gùn yóò gba lẹ́tà. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó máa lọ sílé ní ìparí oṣù. Wọ́n bi wá bóyá a ti gun kẹ̀kẹ́ rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi, àárín ebè àgbàdo ni wọ́n sì ti gbé mi.

Ọkọ mi mọ̀ pé mo ń kọ́ máṣíìnì. Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ló máa ń wálé. Ó ní òun kò lè sọ fún bàbá òun pé ìyàwó ilé fẹ́ máa wọ ṣòkòtò la ẹsẹ̀ gun máṣíìnì, pé kí n fi ọgbọ́n ṣe é. Gbogbo ọgbọ́n tí mo ní kò ju ìró méjì náà lọ.

Pápá ilé-ìwé kan ni wọ́n ti kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lásìkò tí àwọn ọmọ ilé-ìwé wà ní họlidé. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń sá eré ìje yí pápá bọ́ọ̀lù ká. Ilẹ̀ pupa ni, ó sì dára lẹ́sẹ̀ ọmọ tó ń sáré nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nígbà òjò, ńṣe ló ń yọ̀ bí ilá. Ní igun kan lẹ́bàá gọ́tà, omi dúró síbẹ̀ tí kì í gbẹ. Sójà tó ti fẹ̀yìntì ni ọ̀gá tó ń kọ́ wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ó kọ́ wa pé bí a bá ti wọ inú omi, kí a má tẹ búréèkì, kí a má sì dẹ ọwọ́, kí a jẹ́ kí máṣíìnì fúnra rẹ̀ gbé wa kọjá. Èmi, bí mo bá ti rí omi, gbogbo ara mi ni mo fi máa ń tẹ ọwọ́ máṣíìnì mọ́lẹ̀. Ọ̀gá yóò ní, “Ìyàwó, kì í ṣe ọlọ lo dì mú yẹn o. Má lọ̀ ọ́.” Èyí tó dàgbà jù nínú wa, ìyá ìbejì kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, yóò dá a lóhùn pé ẹ fi í sílẹ̀, ata ilé ọkọ rẹ̀ ni kò tíì kúná. A ó rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀ mí débi pé bí mo bá délé, n kò ní lè ká ọwọ́ mi láti fi jẹun. Òtútù yóò ti mú ìka mi le gbagidi. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Mo ka á.

Òfin ìdánwò kò pọ̀. Ìyípo mẹ́wàá ni, ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ọ̀gá ní ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yóò dojú kúlà dé, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe gaàrí tí a lè ṣà.

Ẹni mẹ́ta ló gùn ún ṣáájú mi ní àárọ̀ náà. Ìyá ìbejì gùn ún já. Ẹnì kejì gùn ún já. Ẹnì kẹta fi ẹsẹ̀ tọ́ ilẹ̀ ní ìyípo kẹrin ní igun gọ́tà, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì da ìró borí. Mo bọ́ ìró mi méjèèjì, mo ká wọn lé orí òkúta, mo gun máṣíìnì. Òjò ń gbá mi lójú. Ní ìyípo kẹta, aṣọ mi ti rin gbingbin. Ní ìkarùn-ún, n kò mọ ìka mi mọ́, ńṣe ni mo ń wò ó kí n tó mọ̀ pé ó ṣì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n n kò tíì ṣi í ṣe, mo sì ń sọ fún ara mi pé ó ku mẹ́rin, ó ku mẹ́ta.

Ní ìyípo kẹjọ ni mo rí agboòrùn dúdú kan ní igun gọ́tà, mo sì rí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ọkọ mi ni. Ó dúró sétí ọ̀nà gan-an, ó ń wò mí.

Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé ohun tó tẹ̀lé e fún àwọn ọmọ mi, wọn kò gbà mí gbọ́. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, ọwọ́ mi ti fún kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi ti tẹ búréèkì, mo ti fi irin ìdúró gbé máṣíìnì náà dúró, mo ti sọ̀ kalẹ̀, eékún mi méjèèjì sì ti wà nínú ẹrẹ̀. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú òjò sà.” Òun nìkan ni n kò tíì kí láàárọ̀ yẹn. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́, ó béèrè bóyá mo sùn dáadáa. Mo ní a dúpẹ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí ìyá ìbejì tó káwọ́ lérí ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe.

Ọ̀gá rìn bọ̀, kò sáré. Òun náà kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí bàbá kó tó yíjú sí mi, ó ní ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀, ìyípo méje péré ni mo ní, ó sì ti tán. Bàbá béèrè ohun tó tán. Ọ̀gá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lẹ́tà, kúlà àti òfin fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni ń ka ìwé. Bàbá ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún òun ní Sábó ni pé ìyàwó ilé òun ń gun máṣíìnì, òun sì ní kí òun wá fojú ara òun rí i. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ṣòkòtò náà, n kò sì lè dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo rò pé ó kù kó sọ pé kí n wọ aṣọ mi ká máa lọ sílé, kí iṣẹ́ àti ẹ̀tẹ́ parí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ló bi pé, ṣé nítorí pé mo kí òun ni wọn yóò ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ọ̀gá ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Gbogbo ọ̀nà Edunabon ló kún fún àgbà. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú tírélà, ẹ̀yin náà lẹ máa wá gbé òkú rẹ̀.”

Bàbá wo ipa máṣíìnì nínú ẹrẹ̀. Òjò ń lu agboòrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Èmi ni mo jẹ̀bi, ọ̀gá. Mo wá síbi tí n kò níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó tún un gùn, mo máa kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹni tí kò rí ojú mi, kò jẹ mí ní ìkíni.”

Ọ̀gá ronú sí i. Ó ní láti ìkíní ni màá ti bẹ̀rẹ̀, láìsinmi, bí ẹsẹ̀ bá sì tún kan ilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bẹ òun mọ́. Bàbá yí padà. Ó kọjú sí gọ́tà àti pápá eèsún tó wà lódì kejì rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn agbádá rẹ̀ tó ti rin sí mi, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

Ìyípo mẹ́wàá lórí méje tí mo ti gùn. N kò lè sọ pé ìgboyà ló gbé mi. Ó ti rẹ̀ mí kọjá ibi tí ènìyàn ti ń bẹ̀rù. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé igun náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá rí, eékún mi á sì fẹ́ tẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ẹ̀yìn àgbà pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń kọjá lára rẹ̀ láìkí. Ní ìyípo kẹrin, atẹ́gùn yí agboòrùn rẹ̀ padà. Ó pa á dé, ó fi í tilẹ̀ bí ọ̀pá, òjò ń rọ̀ lé e lórí, kò wẹ̀yìn. Ní ìkeje, táyà ẹ̀yìn máṣíìnì yọ̀ nínú omi lẹ́bàá rẹ̀ gan-an, mo fì sí ọ̀tún, mo fì sí òsì, àwọn obìnrin kígbe lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò lórí irin. Mo dá a padà. Mo rí i tí èjìká bàbá gbọ̀n nígbà tó gbọ́ igbe náà, ṣùgbọ́n kò yí ọrùn.

Mo gun máṣíìnì pupa náà fún ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó gbé mi wá sídìí tábìlì. Mo kọ́ bí a ti ń fi orí kí àgbà láìdẹ ọwọ́, àwọn ará abúlé sì kọ́ láti gbà á bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, bí òjò oṣù kẹjọ bá ti bẹ̀rẹ̀, ìka mi á máa ro mí kí n tó jí, orúnkún mi kò sì fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn pé èmi ni mo gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ni mo ṣe ìdánwò náà. Bàbá ọkọ mi kò mẹ́nu kan ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, n kò sì rí ẹnu dúpẹ́. Àwọn kan nílé ṣì ń sọ pé kò mọ̀ pé mo wọ ṣòkòtò rí. N kì í já wọn nírọ́.

Ní àárọ̀ ìdánwò náà, nígbà tí ìyípo kẹwàá pé, mo pa máṣíìnì lẹ́bàá bàbá, ṣùgbọ́n n kò lè sọ̀ kalẹ̀, ìka mi kò ṣí kúrò lórí ọwọ́ máṣíìnì. Bàbá ti gbọ́ pé ariwo máṣíìnì ti dá, síbẹ̀ kò yíjú, ó ń wo eèsún níwájú rẹ̀, omi ń kán láti etí fìlà rẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ó ti pé? Ṣé mo lè wo ẹ̀yìn báyìí?”