Igbà Ẹni Tó Jábọ́ Lórí Ọ̀pẹ

Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé ojú mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Bí wọ́n bá ní kí n má wo nǹkan, òun gan-an ni màá wò. Ìyá tó bí mi máa ń sọ pé ojú yìí ni yóò kó bá mi, màá sì máa fi rẹ́rìn-ín.

Akọpẹ ni ọkọ mi, ní Òjòwó, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò tíì pẹ́ tí òyìnbó fi ìbọn ṣí ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn oníṣòwò sì ń wá epo lójú méjèèjì. Bí a bá ti fún un tán, ó di èbúté Makun-Omi, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Kò sí ọ̀pẹ tó sinmi, kò sì sí akọpẹ tó sinmi. Igbà, okùn líle tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ lọ́, ni akọpẹ ń fi yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ po kó tó gùn ún. Bí okùn yẹn bá já, ó parí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, bí ó bá ti pẹ́ díẹ̀ lóko ni màá ti jáde sẹ́nu ọ̀nà lọ máa wò ó.

Nílé wa, ìyá ọkọ mi ló ń tọ́jú igbà. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti oko dé, yóò gbà á léjìká wọn, yóò súre sí i, yóò sì gbé e kọ́ sókè ààrò rẹ̀ kí ikán má bàa jẹ ẹ́, kí ìrì má bàa sẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìyàwó nínú ilé náà. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó ní ọwọ́ ìyá ló yẹ kó gbé ẹ̀mí ọmọ kọ́.

Àárín ọyẹ́ ni wọ́n gbé ọkọ mi wálé. Igbà já mọ́ ọn lára lókè ọ̀pẹ, ìbàdí ló sì fi gúnlẹ̀. Yéè, mo ké! Ẹni tó ń to eegun wá, ó tẹ̀ ẹ́ síbí, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó ní yóò yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gun ọ̀pẹ mọ́. Ọkọ mi kọjú sí ògiri. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òun, tí àwọn jọ ń kọ ẹyìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kírun, ló fi ọ̀bẹ rẹ́ igbà òun, nítorí àwọn ti jà lórí ọ̀pẹ kan. Ó ní bí òun bá lè dìde pẹ́nrẹ́n, òun á fi àdá bá a sọ̀rọ̀.

Wàyí o, ní ọ̀dọ̀ wa, ojú ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wo igbà ẹni tó jábọ́. Wọn á fi ewé bò ó lójú ibẹ̀, ìyàwó ilé á gbé e lọ sódò lọ́jọ́ náà gan-an, á kọ ẹ̀yìn sí odò, á sọ ọ́ sí i, á sì máa bọ̀ láìbojú wẹ̀yìn. Bí ojú bá rí i, ikú á mọ ọ̀nà ilé. Ìyá ọkọ mi gbé ẹrù ewé náà lé mi lọ́wọ́. “Má wò ó o, ọmọ mi,” ni ó wí. “Bí mo ṣe gbé ti bàbá wọn lọ nìyẹn lọ́jọ́ tí òun náà jábọ́. N kò wò ó.”

Mo dé etí odò, mo tú ewé. Kí ni kí n ṣe? Bí ọ̀rẹ́ ọkọ mi bá gé e lóòótọ́, mo fẹ́ mọ̀. Bí kò bá gé e, mo fẹ́ mọ̀ kí ọkọ mi tó lọ pa èèyàn. Ojú ibi tó ti já kò jọ ojú ọ̀bẹ rárá. Ńṣe ló rún wómúwómú, ó dúdú, ó ń rùn bí èéfín. N kò mọ ohun tí mo rí. N kò lè sọ ọ́ sódò, n kò sì lè gbé e wálé, ni mo bá fi í pamọ́ sínú igbó, mo wálé, mo parọ́ pé mo ti sọ ọ́ nù. Láti ọjọ́ náà, bí ewúrẹ́ bá sín, àyà mi á já.

Kò pẹ́ tí àbúrò ọkọ mi fi ní òun á máa kọ ẹyìn ilé, nítorí ebi kò mọ̀ pé ìbàdí ẹnì kan ṣẹ́. Ọkọ mi kékeré ni mo máa ń pè é. Òpònú aláwàdà ni, ó ní bí òun bá jábọ́ kí n fi òun ṣe ìdáná. Mo ní kí Ọlọ́run má gbọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo wọ ilé ìdáná ìyá ọkọ mi lọ fọn iná. Agbọ̀n àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi okùn so kọ́ sókè ààrò. Mo fà á, kí n gbé ẹja gbígbẹ inú rẹ̀. Okùn rẹ̀ rún sí mi lọ́wọ́ wómúwómú, ó dúdú, ó ń rùn bí èéfín.

Háà! Mo gbójú sókè. Igbà ọkọ mi kékeré, tó ti pẹ́ lókè ààrò yẹn, kò sí lórí ìkọ́ mọ́. Ó ti gbé e lọ.

Bí mo ṣe sáré lọ sóko lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run nìkan ló yé. Mo ya inú igbó, mo fa igbà ọkọ mi yọ, mo tún ki eré mọ́lẹ̀. Mo bá ọkọ mi kékeré lókè téńté, ó ti fẹ̀yìn ti igbà, ó ń gé ìdì ẹyìn, ó tún ń kọrin. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. A kì í pe ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ. Bó bá ta gìrì, bó bá yíra pàdà lójijì, gbogbo ara rẹ̀ á bọ́ sórí okùn yẹn. Mo sá sẹ́yìn igi kan kó má bàa rí mi. Ìdì ẹyìn bọ́, ilẹ̀ mì. Òmíràn bọ́. Mo ń sọ nínú mi pé, “Sọ̀ kalẹ̀, olówó orí mi, ó tó, a kò fẹ́ epo mọ́.” Ó tún na ara sí ìdì kan tó wà lọ́nà jíjìn, igbà dún kẹ̀ẹ̀, mo sì ki aṣọ bọ ẹnu kí n má bàa ké. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, n kò rí irú rẹ̀ nígbà tí mo ń rọbí.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀, mo jókòó sórí ẹyìn, mo bú sẹ́kún.

“Ìyàwó wa, kí ló dé? Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni?”

“Ẹ fa igbà yín wò,” ni mo ní. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á.”

Ó rò pé orí mi ti dà rú. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ igbà náà mọ́ gbòǹgbò, ó fi gbogbo agbára fà á. Ó já pàù, ní ìdí kókó. Ó wò ó, ó wo òkè ọ̀pẹ. Nígbà náà ni mo gbé ti ọkọ mi síwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ rántí pé kò yẹ kí ojú rí i. Ojú ibi tí méjèèjì ti já kò yàtọ̀. Kò ṣàwàdà kankan títí a fi délé.

Ìyá ọkọ mi ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ láti gba igbà, àdúrà sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kó okùn méjèèjì lé e lọ́wọ́. Ìyá rí ewé tó kù lára ọ̀kan, ó fẹ́ jù ú sílẹ̀.

“Ìyá, ẹ má jù ú,” ọmọ rẹ̀ ní. “Kò sẹ́ni tó gé e. Iná ló ń yan wọ́n lókè yẹn lójoojúmọ́. Láti òní, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni igbà á máa wà, a ó sì máa fà á wò nílẹ̀ ká tó gùn.”

Ọkọ mi gbọ́ láti orí ẹní rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú igbà òun wá, ó fi ìka rún ojú ibi tó ti já, kò sì dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ìyá kò kúrò lójú kan. Ó ń wo okùn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ilé ìdáná rẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé kò mọ̀, pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣáájú mi sọ̀rọ̀.

“Igbà bàbá yín ńkọ́?” ni ó wí.