Aṣọ Ìkélé Inú Bọ́ọ̀sì

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fẹ́ síbi kan ṣoṣo. Àyà mi ṣì ń já di bá a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Bọ́ọ̀sì gígùn kan ni ọkọ mi rà, ló bá sọ ọ́ di ilé: bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn tí aṣọ ìkélé pààlà rẹ̀, ibi ìdáná láàárín, àga níwájú. Oúnjẹ ni mò ń tà ní Ibo Road, nílẹ̀ Hausa tí à ń gbé; bọ́ọ̀sì náà la fi ń gbé oúnjẹ lọ síbi ìgbéyàwó láwọn ìlú mìíràn. Nígbà tó kan ẹ̀rọ amúlétutù, oníṣẹ́ tó wá láti Fagge ní oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń gba ihò inú àjà, ó sì ń yọ ẹnu sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìkejì kàn rọ̀ mọ́ òrùlé ni, ibi tó bá wà ló ń fẹ́ sí. Ọkọ mi ní ìkejì ni kí wọ́n so sókè àga iwájú. Èmi náà ò jiyàn. Inú bọ́ọ̀sì kan, ibo ni atẹ́gùn fẹ́ sá lọ?

Nígbà ooru, ìyá mi ní ká gbé òun lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo àbúrò òun. Bí Màámi ṣe dé ìdí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fa aṣọ ìkélé. Kí wọ́n dùbúlẹ̀ lójú ọkọ ọmọ wọn? Láéláé!

A ò tíì dé Zaria tí a fi kó sínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Òòrùn ń ta bí iná, àmọ́ níwájú, òtútù ń mú wa. Ọmọbìnrin mi tí kì í fi Yorùbá fèsì, àfi Hausa, wé ìró mi mọ́ra nítorí òtútù, ó ń pariwo, "Sanyi, Mama! Sanyi!" Mo ní, "Màámi, ṣé kò sí wàhálà?" Wọ́n ní kò sí.

Nígbà tó yá mo tún bi wọ́n. Wọn ò dáhùn. Mo ní oorun ni. Ṣùgbọ́n Màámi kì í sùn kí wọ́n má hanrun, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. N ò gbọ́ nǹkan kan.

Mo fa aṣọ ìkélé. Ooru gbá mi lójú bí ìgbà tí mo bá ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín. Màámi nà gbalaja, ojú wọn là díẹ̀, gèlè ṣì wà lórí wọn gbagidi.

"Yéè! Mo gbé o!"

Ọkọ mi tẹ búréèkì, ó sáré wá. Nígbà tó dé ìdí aṣọ ìkélé, ó dúró, ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé kí n wọlé?"

Mo pariwo mọ́ ọkọ mi, "Ìtìjú lẹ ń ṣe, Dádì? Ẹ wọlé, Màámi ń kú lọ!"

Ó gbé wọn wá sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Mo tú gèlè, mo da omi sí wọn lórí, mò ń pè wọ́n, mò ń pè wọ́n. Nígbà tó ṣe, wọ́n húkọ́. Ọwọ́ wọn rá lọ sórí, ó ń wá gèlè.

"Ta ló tú gèlè mi? Àna mi wà níbí."

Ọkọ mi kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń sunkún.

Èyí tó ń gba inú àjà la so báyìí, ẹnu rẹ̀ kan wà lókè bẹ́ẹ̀dì Màámi. Wọ́n ṣì ń fa aṣọ ìkélé. Èmi náà á na ọwọ́ gba abẹ́ rẹ̀, màá gbá ẹsẹ̀ wọn mú, n ò sì ní í fi sílẹ̀ títí a ó fi dé.