Ohùn Tí À Ń Dúró Dè ní Àlàásárì

Ìdí màṣíìnì ìránṣọ mi, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Bẹyẹrunká, ni mo máa ń wà bí àlàásárì bá kù díẹ̀. Màá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì. Ìyá mi náà á dákẹ́ ní yàrá. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á ní kí onítọ̀hún ó dúró ná. Ohùn àbúrò mi ọkùnrin là ń dúró dè. Bó bá ti pe ìrun láti mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn agboolé wa, tí ahọ́n rẹ̀ ò sì lọ́, a jẹ́ pé kò tíì padà sídìí oògùn nìyẹn. Èmi á wá padà sídìí iṣẹ́ mi.

Oògùn ikọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oníkódíìnì, láì húkọ́. Nígbà tó yá, a ò mọ ìgbà tó sùn, a ò mọ ìgbà tó jí. A mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan lápá Òkè Padre, níbi tí nọ́ọ̀sì, ààfáà àti pásítọ̀ ti jọ ń bójú tó àwọn tí oògùn ti wọ̀ lára. Wọ́n ní ìtọ́jú òyìnbó á ṣe tiẹ̀, ṣùgbọ́n kí kálukú wá ohun tó ju òun lọ, kó dì í mú, pàápàá lásìkò tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí oògùn jù. Ti àbúrò mi, ìgbà tí ọ̀sán bá ń rọ̀ ni. Àsìkò yẹn gan-an ló máa ń jáde lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ògùnpa. Ìdí nìyẹn tí lèmọ́mù wa fi ní kó wá máa pe àlàásárì. Àwọn àgbà kan yarí.

"Ẹnu tó mu irú nǹkan yẹn lẹ fẹ́ ká máa gbọ́ ìrun pípè látibẹ̀?"

Lèmọ́mù ní, "Ṣebí ẹnu wà lára ohun tá a máa ń fọ̀ tá a bá ń ṣe àlùwàlá. Ẹ jẹ́ ó máa pè é."

Ó sì ń pè é. Mi ò ní parọ́, ọkàn mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo máa ń gbọ́ ohùn yẹn bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Bó bá fa ọ̀rọ̀ kan gùn ju tàná lọ, mo ti ń ro ibi nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, àsìkò tó, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kọ́kọ́ rò pé aago mi ló yá. Mọ́ṣáláṣí apá Bẹẹrẹ pè, ti apá Ọjà'ba pè, tiwa dákẹ́. Ìyá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò mí.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Màámi?"

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́."

"Yéè! Ó ti lọ."

Mo pè é lórí fóònù, ó ti pa á. Ẹni tó fẹ́ pe ìrun kì í fi fóònù sílẹ̀ ní títàn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí n rántí. Ìyá mi ti bọ́ síta. Mo sáré tẹ̀ lé wọn, a ń fo gọ́tà, a ń fo òkúta. Aládùúgbò kan bi wá pé kí ló dé, a ní kò sí o. Mo ń rò ó bóyá Ògùnpa ni ká ti kọ́kọ́ wá a ni àbí abẹ́ òkè Mápó. Ìyá mi ń sọ lábẹ́ẹ́lẹ̀ pé, "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí la fẹ́ gbà kọjá. Òun la bá lẹ́nu ọ̀nà, tó ki ìka bọ etí, tó ń fi ohùn lásán pe ìrun. Bátìrì ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti kú, ariwo ẹ̀rọ ìlọta tó wà nítòsí sì ń gbé ohùn rẹ̀ mì. Nígbà tó pè é tán, ó yíjú padà, ó rí wa. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá wa: sálúbàtà tiwọn lẹ́sẹ̀ kan, tèmi lẹ́sẹ̀ kejì.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìrun la wá kí," ni ìyá mi wí, láìsí ìborùn lórí wọn.

"Màámi, ẹ ò wá kírun. Ẹ wá wò ó bóyá mo ti lọ ni."

Ojú tì mí débi pé inú bí mi. Mo jágbe mọ́ ọn, "Ṣé ká má wò ọ́ ni?"

"Ẹ máa wò mí, àǹtí mi." Ó lọ gbé bútà tó kún fómi wá fún ìyá wa, kí wọ́n fi ṣe àlùwàlá. "Èmi náà, bí mo bá ń pè é, mo máa ń tẹ́tí sí ohùn ara mi. Mo fẹ́ gbọ́ bóyá èmi náà ṣì ni."

Ìyá mi na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ń bu omi sí i, ṣùgbọ́n omi ń dà sílẹ̀ kó tó débi tó ń lọ. Mo bá a di bútà náà mú.