Ọjọ́ Tí Amọ̀ Di Ọmọ Mi Lẹ́sẹ̀ Mú

Ọmọbìnrin mi ló ní ká lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì nípa ilẹ̀ tí òjò àti òkun ń jẹ. Ó rí i lórí fóònù pé erékùṣù kan wà ní Kent, kò jìnnà púpọ̀ sí Thamesmead tí à ń gbé ní London, tí òkè amọ̀ rẹ̀ ń ya sínú òkun lọ́dọọdún. Ó ní síìlì, ẹranko inú omi tó rí bí ajá tí kò lẹ́sẹ̀, máa ń wá yáòòrùn létí omi ibẹ̀. Ó ní ká lọ pàgọ́, ká sun ibẹ̀ mọ́jú.

Mo gbà. Ìgbà tí ọkọ mi sọ pé ìyá òun máa bá wa lọ ni inú mi bàjẹ́. Mummy wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n ti lo oṣù méjì lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ọbẹ̀ tí mo sè tí wọn ò rí àléébù rẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Mo rò pé ìsinmi ni mò ń lọ. Nígbà tá a fi máa dúró ra búrẹ́dì àti sàdíìnì ní Plumstead High Street, èmi àti ọkọ mi ti jà nínú mọ́tò, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi débẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú òyìnbó. Òkè náà rí bí eérú níbì kan, ó pọ́n rúsúrúsú níbòmíì. Òjò ti la á ní pàlàpálá láti òkè dé ìsàlẹ̀, koríko kan ò hù lára rẹ̀. Níbi tá a gbé mọ́tò sí, pátákó kan wà níbẹ̀ tó ní ká ṣọ́ra, pé amọ̀ ìsàlẹ̀ lè gbé èèyàn mì. Mo kà á. Ọkọ mi ń já ẹrù, kò wò ó. Inú ń bí mi, mi ò bá a sọ ọ́.

A pàgọ́ tán, a sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, a tẹ́ ẹní ọ̀rá. Ọmọ mi rí síìlì méjì lọ́ọ̀ọ́kán, ló bá gba orí amọ̀ tó ya wálẹ̀ lọ, kó lè yà wọ́n ní fọ́tò. Ó rì dé kókósẹ̀. Ó fẹ́ yípadà, ó rì dé orúnkún.

"Mum, mi ò lè move o!"

Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ìgbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín ti tán. Bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ kan ni èkejì ń wọlẹ̀ sí i, omi òkun sì ń kún bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkọ mi bọ́ bàtà, ó fẹ́ sáré wọnú amọ̀. Mummy di ẹ̀wù rẹ̀ mú. "Dúró níbẹ̀! Tó o bá wọ ibẹ̀, ẹ ti di méjì. Pe àwọn tó ń gbani!"

Ọkọ mi fa fóònù yọ, ó pè wọ́n. Àwọn tó pè ní àwọn ń bọ̀. Èmi ń wo omi. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti la ẹnu mi níbi pátákó yẹn, ọmọ mi ò ní wà níbẹ̀.

Mummy tú ìró ìdí wọn, wọ́n jù ú sí mi, ó ku yẹ̀rì lára wọn. "Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, mo mọ irú ilẹ̀ yìí. Ìyàwó, ìwọ lo fúyẹ́ jù. Gbé ẹní yẹn síwájú, dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀, kó o máa fi àyà wọ́. Má dìde o."

Mo dojú bolẹ̀. Mummy di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú lẹ́yìn. Amọ̀ náà tutù wọ egungun mi. Mo di etí ìró kan mú, mo ju etí kejì sí ọmọ mi, ó gbá a mú.

"Ní kó jókòó," Mummy wí.

"Kó jókòó kẹ̀, Mummy?"

"Kó fìdí jókòó sẹ́yìn, kó má fa ẹsẹ̀ mọ́. Kó máa mì ín díẹ̀díẹ̀."

Ọmọ mi ti gbọ́. Ó bú sẹ́kún. "Rárá, Mum, it's going to swallow me!"

Èmi alára ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ohun tí Grandma sọ ni kó o ṣe. Jókòó."

Ó jókòó. Amọ̀ ò gbé e mì. Ó ń mi ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń mì ín, omi ti kan ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹsẹ̀ náà tó yọ. Ti òsì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe jáde báyìí, ó ṣubú lé mi lórí. Mummy àti ọkọ mi di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n fa àwa méjèèjì wọ́ bọ̀ wá sórí òkúta wẹ́wẹ́. Bàtà rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Àwọn agbanilà dé, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi pé mo ka pátákó náà. Ó ní, "Èmi náà lójú, ó yẹ kí n kà á."

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi àti ọmọ lọ dúró lókè, wọ́n ń wo síìlì láti ọ̀ọ́kán. Èmi àti Mummy ń ká àgọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn láti dúpẹ́.

"Dìde," Mummy wí, "ilẹ̀ tutù."