Ìwé Ọlọ́jọ́ Méje Nítorí Ológbò

Kò sí ará àdúgbò wa ní Ìkìrun tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Màmá Morìnsọ́lá fẹ́ ti ẹ̀rọ ìlọlùbọ́ Bàbá Oyèwálé pa nítorí ológbò. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni. Màmá dé fìlà iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìnlélógún, wọ́n mú ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n kó wálé láti ọ́fíìsì dání, wọ́n sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí gómìnà rán níṣẹ́. Wọ́n ní eruku èlùbọ́ ń ba èémí aláìsàn jẹ́. Wọ́n fún Bàbá Oyèwálé ní ọjọ́ méje láti gbé ẹ̀rọ náà kúrò.

Bàbá Oyèwálé kì í bá èèyàn jà. Wọ́n nu ọwọ́ wọn, wọ́n gba ìwé, wọ́n sì béèrè ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Màmá ní ológbò àwọn ni.

"Ẹ̀rọ yìí ti wà níbí lọ́dún mọ́kàndínlógún, Màmá. Ológbò yín ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ buwọ́ lù ú."

Wolé-wolé ni Màmá, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì jẹ́ títí wọ́n fi kú lọ́dún tó kọjá ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Láti Ìkìrun dé Eko Ende, kò sí ìkòkò omi tí wọn kò ṣí wò. Bí ẹ bá pè wọ́n síbi ìkómọ, ilé ìdáná ni wọ́n máa kọ́kọ́ wọ̀ kí wọ́n tó kí ìyá ọmọ. Wọ́n á jáde, wọ́n á ní fèrèsé kéré. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́, Màmá le, wọ́n sì máa ń sú èèyàn.

Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò yẹ̀ wò rí ni imú ara wọn. Agolo áṣáà kékeré kan wà ní kókó ìró wọn lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ ronú, wọ́n á tú kókó, wọ́n á ṣí agolo, wọ́n á fà á símú. Ọkọ wọn bẹ̀ wọ́n títí ọkọ fi kú. Àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà bẹ̀ wọ́n. Dùnsìn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣe tíṣà níbí, bẹ̀ wọ́n títí ó fi sú u. Màmá a máa dáhùn pé áṣáà ló ń la ojú ẹni tó ń wo ilé onílé.

Nígbà tí ọkọ kú, ilé dákẹ́ jù. Màmá kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ láé. Eku ni wọ́n ní ó ń da àwọn láàmú. Wọ́n bá wọkọ̀ lọ sí Òkukù, sọ́dọ̀ Ẹ̀rínọlá, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn kan tí ológbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ márùn-ún. Wọ́n wo ojú, wọ́n wo etí, wọ́n wo abẹ́ ìrù, wọ́n ní mẹ́rin kò yege. Ìkarùn-ún gé wọn ní ìka jẹ. Òun ni wọ́n gbé wálé. Wọ́n sọ ọ́ ní Àlejò, wọ́n ní bí eku bá ti tán, yóò máa lọ. Ní ọjọ́ kejì, orí ẹsẹ̀ wọn ló ti ń sùn, wọn kò sì dìde fún wákàtí méjì kí wọ́n má bàa jí i.

Ní ọjọ́ kẹta, Àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Imú rẹ̀ ń ṣomi, èémí rẹ̀ sì ń dún bí ilẹ̀kùn tó fẹ́ epo. Màmá ṣe ohun tí ìyá gbogbo ń ṣe fún ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá mú: wọ́n fi róòbù pa á láyà àti nímú. Àlejò lá a, ẹnu rẹ̀ yọ ìfófòó, ó sáré gun àjà, ó sì lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Màmá tí kì í bẹ èèyàn dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹja nínú abọ́, wọ́n ń tọrọ àforíjì. Dùnsìn dé, ó ní ológbò kì í ṣe ọmọ. Màmá ní ta ló pè é lọ́mọ, aláìsàn ni.

Ìgbà náà ni wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀daràn. Wọ́n fún ẹ̀rọ èlùbọ́ níwèé. Wọ́n gba lọ́fíńdà Dùnsìn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń jó ewé gbígbẹ gba ìwé, ẹni tó ń dín ata gba ìwé. Àwa tí a kò ṣe nǹkan kan pàápàá ń mí pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Lójoojúmọ́, wọ́n á mú aago ọwọ́, wọ́n á ka iye ìgbà tí Àlejò mí láàárín ìṣẹ́jú kan, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ.

Dùnsìn mú ìwé náà lọ́jọ́ kan kí ó lè fi bá wọn jà. Ó rí i pé láti orí ọgbọ̀n, iye náà ti gòkè dé méjìdínláàádọ́ta. Lábẹ́ rẹ̀, Màmá kọ ọ́ pé, Olúwa, má mú èyí náà lọ. Dùnsìn pa ìwé dé, ó sì gba àyè níbi iṣẹ́ kí ó lè mú wọn lọ sí Ìníṣà.

Dókítà ẹran tó wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbádébọ̀, gba Àlejò nínú agbọ̀n. Màmá ti wo ibi ìfọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé fèrèsé rẹ̀ kéré. Ó dúpẹ́. Ó gbọ́ àyà Àlejò, ó wo ọ̀fun rẹ̀, ó sì béèrè ohun tó wà nílé wọn tí kò sí ní Òkukù. Màmá ka ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo àdúgbò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí wọ́n ń ronú èyí tó kù, wọ́n tú kókó ìró, wọ́n ṣí agolo, wọ́n fà á símú.

Àlejò sín lẹ́ẹ̀mẹrin.

Gbádébọ̀ ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dé agolo náà. Ó gbé Àlejò lọ sídìí fèrèsé, ara ológbò rọlẹ̀. Ó gbé e padà wá, ó ní kí wọ́n tún un ṣí. Àlejò tún sín. Dùnsìn gbójú sókè, ó ń wo àjà.

"Màmá," ni Gbádébọ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́, "gbogbo ilé lẹ ti wò. Ó ku tiyín."

Ó fún wọn ní oògùn ọ̀sẹ̀ kan, ó kìlọ̀ pé róòbù kò gbọdọ̀ kan ológbò mọ́ láé. Ó ní bí áṣáà kò bá kúrò nínú ilé, kí wọ́n tètè wá ẹlòmíràn fún Àlejò, nítorí àyà rẹ̀ kò ní gbà á. Màmá gbé agbọ̀n, wọ́n wọkọ̀ padà sí Ìkìrun. Dùnsìn ní Màmá kò tilẹ̀ sọ fún dírẹ́bà pé táyà rẹ̀ ti jẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé kan wà lára ilẹ̀kùn Màmá. Ẹni tí a kọ ọ́ sí: Ìyáàfin Morìnsọ́lá, ilé yìí. Ẹ̀sùn: eruku áṣáà. Ọjọ́ méje. Wọ́n buwọ́ lù ú níbi tí wolé-wolé ń buwọ́ lù, wọ́n tún buwọ́ lù ú níbi tí ẹlẹ́ṣẹ̀ ń buwọ́ lù.

Ọjọ́ méje yẹn, àwa la jìyà rẹ̀. Orí ń fọ́ Màmá, wọ́n sì ń wo ìkòkò omi wa lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n lọ gba ìwé Bàbá Oyèwálé padà. Wọn kò tọrọ àforíjì, wọ́n kàn ní àwọn ti rí ẹlẹ́ṣẹ̀, kí bàbá buwọ́ lù ú pé wọ́n dá ìwé padà. Ní ọjọ́ keje, wọ́n gbé agolo lé Dùnsìn lọ́wọ́.

Inú bí Dùnsìn kí ó tó dùn. "Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá fi bẹ̀ yín, Màmá. Ológbò sín lẹ́ẹ̀mẹrin péré, ẹ gbọ́."

"Bàbá rẹ lè bọ́ síta bó bá sú wọn," ni Màmá wí. "Ibo ni èyí fẹ́ lọ? Orí ẹsẹ̀ mi nìkan ló mọ̀."

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, Àlejò kò sì sín mọ́. Orí àga ni Màmá ti sùn lọ lásìkò ọyẹ́, ológbò wà lórí ẹsẹ̀ wọn.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àánú Màmá ṣe Dùnsìn. Ó ra áṣáà tuntun, ó bù ú sínú agolo, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ Màmá nínú pósí láìdé e. Ó ní ojú Màmá ti rí tó, kí wọ́n máa fà á lọ. A ń sunkún. Àlejò jáde láti abẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fò sókè sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó na ọrùn síbi ọwọ́ Màmá. Ó sì sín.

Bàbá Oyèwálé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ni gbogbo ilé bá gbà á, tẹ̀rín-tẹkún. Dùnsìn mú agolo jáde, ó dé e pinpin, ó fi aṣọ nu ìka Màmá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló wí. "Mo gbàgbé."

Ìwé ọlọ́jọ́ méje tí Màmá fún ara wọn ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Dùnsìn ti kó wá síbẹ̀, òun àti Àlejò ló jọ ń gbé. Àlejò wà nílé, onílé ló lọ. Bí mo bá sì ń kọjá níwájú ilé náà, mo máa ń dúró díẹ̀, bóyá ẹnìkan á yọjú sọ fún mi pé fèrèsé mi kéré.