Ẹlẹ́pà Tí Wọ́n Ka Ẹ̀pà Léèwọ̀ Fún

Ẹni tó bá wá sí Kèrè tó ń wá ilé Murielle, kí ó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Kí ó ṣáà máa fi imú tẹ̀lé òórùn ẹ̀pà yíyan. Yóò bá a níbi tó ti ń po ẹ̀pà lílọ̀ nínú ọpọ́n, tí òróró ń sun jáde láàárín ìka rẹ̀. Èmi Dorothée, ẹ̀gbọ́n Gédéon ọkọ rẹ̀, n kì í yin ènìyàn lásán. Gbogbo ilé ló mọ ẹnu mi. Ṣùgbọ́n Murielle yìí, ẹ jẹ́ kí n yìn ín.

Nígbà tó bí Bienvenu, àkọ́bí rẹ̀, inú wa dùn kọjá sísọ. Ọmọ náà sanra, ó ń pariwo bí ẹni tó ni ilé. Kò pẹ́ tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó ń bó, ẹ̀jẹ̀ tínrín sì ń hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Màmá wa, Justine, wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ, ó wo ọpọ́n ẹ̀pà.

Ó ní, "Háà! Ẹ̀pà ni. Ohun tí ìyá bá jẹ ni ọmọ ń mu."

Láti ọjọ́ náà ó ka ẹ̀pà léèwọ̀ fún Murielle. Ara ọmọ kò yé sú, ó fi ẹyin kún un. Ó tún fi ẹja kún un. Ẹ gbà mí o! Nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe òróró ẹ̀pà, tó jẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà la fi ń jẹ iyán, kí ni ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú yóò wá jẹ? Afẹ́fẹ́?

Màmá kì í ṣe ìkà o. Lọ́jọ́ ọjà Glazoué, ó máa ń ra wàrà, mílíìkì màlúù tó ti dì, lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, èyí tí wọ́n pa láró pupa, á dín in títí yóò fi gbó, á gbé e síwájú Murielle nìkan. Lọ́dọ̀ tiwa, wàrà la fi ń yẹ́ abiyamọ sí. Ta ni yóò fura sí i? Bí èmi bá na ọwọ́ sí i, Màmá á gbá ọwọ́ mi dànù: "Ìwọ náà bímọ lánàá ni?"

Iṣẹ́ wá di wàhálà. Bí a bá ti fún òróró kúrò, a ó fi iyọ̀ àti ata sí ẹ̀pà tó kù kí a tó fi ṣe kúlíkúlí, ẹni tó ń ṣe é sì gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò. Murielle á fi díẹ̀ sẹ́nu, á tu ú, á fi omi yọ ẹnu, Màmá á dúró tì í bí ọlọ́pàá: "Tu gbogbo rẹ̀! Mo rí ọ̀fun rẹ!" A kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́. Egungun ọrùn Murielle yọ síta. Ọmọ á fa ọmú títí, á fi í sílẹ̀, á bú sẹ́kún. Màmá ní kí a já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí a máa fi ẹ̀kọ mímu bọ́ ọ. Ọmọ tí kò tíì lè jókòó!

Murielle kúnlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ bá fẹ́ ni kí ẹ gbà lẹ́nu tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ọmú lẹ́nu ọmọ mi." Ó dìde, ó pọn ọmọ. Ó yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ó bá mi lọ sí ilé ìwòsàn, àbí kí n dá lọ?" Mo wá bàtà mi.

Léa, agbẹ̀bí ibẹ̀, yẹ ọmọ wò dáadáa. Ó bèèrè ohun tí Murielle ti fi sílẹ̀, Murielle kà á fún un.

"Ara ọmọ ṣì ń sú?"

"Ó ń sú, mà."

"Kí lẹ wá ń jẹ?"

"Iyán. Àti wàrà."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́."

Léa mi orí. Ó ní ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ń jẹ ẹ̀pà, ẹyin, ẹja, wàrà, tí nǹkan kan kì í ṣe ọmọ wọn. Bí a bá fura sí oúnjẹ kan, òun nìkan la ń dá dúró, ká máa wo ọmọ. A kì í kó gbogbo ìkòkò dànù. "Ẹ padà sídìí ẹ̀pà yín. Wàrà ojoojúmọ́ yìí ni mo fura sí: òun àti mílíìkì ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì gbé ọmọ padà wá kí n rí i."

Ta ni yóò sọ ọ́ fún Màmá? Mo ní kì í ṣe èmi. Murielle ló sọ ọ́, níbi tí Màmá ti ń sá ẹ̀pà lórí àpáta.

Màmá figbe ta: "Wàrà tí mo fọwọ́ ara mi dín? Ṣé èmi ni mo wá fẹ́ pa ọmọ ọmọ mi?"

"Rárá o, Màmá. Ìfẹ́ lẹ fi dín in. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń fún un lọ́mú." Ó ṣa ẹ̀pà kan, ó pa á, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un, ó gbé e mì lójú Màmá. Yéè! Ìyàwó ilé wa! Orí mi wú.

Àràárọ̀ ni Màmá ń tú aṣọ ìdí ọmọ, tó ń wá ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dín kù, ó sì tán. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ dán. Murielle ń fi ọbẹ̀ ẹ̀pà gbé iyán mì, ọmú rẹ̀ kún débi pé ó ń rin aṣọ. Nígbà tó ṣe, Léa ní kí ó tọ́ wàrà wò díẹ̀, kó lè dá wa lójú. Ó tọ́ ọ wò, ara ọmọ sì sú padà. Kí abiyamọ mìíràn má torí èyí sá fún wàrà o. Ti Bienvenu ni mo ń sọ, Léa sì ní bó bá dàgbà, ó ṣeé ṣe kó bọ́ lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìrìbọmi ọmọ náà, agboolé kún. Màmá gbé àwo wàrà dídín jáde. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀: "Gbà, ọ̀kánjúwà." Ó wá ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀pà. Nílé wa, àgbà ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún, abọ́ àkọ́kọ́ kò sì kúrò níwájú Màmá rí láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Ó bù ú kún, ó fi ẹja lé e, ó gbé e fún Murielle.

Ó ní, "Jẹ ẹ́, ìyá ọmọ. Ebi ń pa ọmọ mi."