Ọdún Kan Tí Màmá Télọ̀ Fi Kún Ẹ̀kọ́ Wọn

Òjò ń lu páànù ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún tàkàtàkàtàkà, Màmá Télọ̀ sì ń ka ìṣirò bí ẹni ń ka Sáàmù. Ẹsẹ̀ wọn ń tẹ ẹ̀rọ, ọwọ́ wọn ń ti aṣọ síwájú, ojú wọn kò kúrò lára abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò dúró: "Máínọ́ọ̀sì bíì, pọ́lọ́ọ̀sì ọ̀ máínọ́ọ̀sì, sikuéà rúùtù bíì sikuéà..." Èmi jókòó sórí òkìtì àgékù aṣọ lẹ́bàá tábìlì, ìwé ńlá kan wà lórí itan mi, mò ń fi ìka tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń kà, bóyá wọ́n á fo ibì kan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. N kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ lẹ́tà.

Ìyá àgbà kan tí ń sá fún òjò yà wọlé. Wọ́n fẹ́ kí wa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu Màmá, wọ́n tẹrí ba, wọ́n di ojú, wọ́n sì ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Bí Màmá ti dákẹ́ láti mí, ìyá àgbà ké "Àmín!" débi pé àwọn adìẹ tó sá sí ẹnu ọ̀nà fò bọ́ sínú òjò.

Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ìyá, ùwé ni mò ń kà o. N ò fi èdè fọ̀."

Ìyá àgbà lajú. Wọ́n wo Màmá, wọ́n wo ìwé orí itan mi. "Ùwé?"

"Ùwé ni. Mo wà ní yunifásítì."

"Ìwọ tí o bí ọmọ mẹ́rin?"

"Èmi náà ni, mà."

Ìyá àgbà fún omi òjò kúrò létí ìró wọn. "Bó bá ṣe pé ùwé náà ni, àmín yẹn ò ṣòfò. O ó yege."

A rẹ́rìn-ín títí Màmá fi ń fi etí búláòsì oníbàárà nu ojú.

Bí àwa ará Èkìtì ṣe ń pe ìwé nìyẹn, ùwé. Ilé ni ulé, iṣẹ́ ni uṣẹ́. Màmá kò yí i padà fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ nílé ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ì báà jẹ́ láàárín àwọn ọmọ yunifásítì ní Adó.

Wọn kì í ṣe ẹbí wa. Ṣọ́ọ̀bù wọn ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà wa. Iṣẹ́ ìjọba ni ìyá mi ń ṣe ní Arámọkọ, wọn kì í sì í tètè dé, nítorí náà bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ Màmá Télọ̀ ni mo ń gbà lọ. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn aṣọ tuntun àti ti èédú inú áyọ̀ọ̀nù, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun ọ̀sán. Láti ojú fèrèsé wọn, òkè tó yí ìlú wa ká là ń wò. Bí òjò bá ti dá, ìkùukùu á wé mọ́ orí òkè náà bíi gèlè.

Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń tú ìránsí ẹ̀wù kan, Màmá sọ fún mi pé àwọn ló ń ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò nígbà tí wọ́n wà ní girama. Ní kíláàsì kẹrin, bàbá wọn kú, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn sì mú wọn lọ sí Ìjerò láti kọ́ṣẹ́ aránṣọ.

"N ò bínú," ni wọ́n wí. "Uṣẹ́ yìí ló bọ́ wa. Ṣùgbọ́n ìṣirò ò kúrò lórí mi. Bí mo bá ń gé kọ́là, ìṣirò ni mò ń ṣe."

Nígbà tí àbíkẹ́yìn wọn wọ girama, àwọn náà forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Wọ́n jókòó sáàárín àwọn ọmọ tí àwọn fúnra wọn rán yúnífọ́ọ̀mù fún, wọ́n sì yege. Ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta ni wọ́n nígbà tí yunifásítì gbà wọ́n láti kẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni wọ́n ń lọ, kí wọ́n lè máa ránṣọ ní ọjọ́ yòókù.

Àgbẹ̀ oníkòkó ni ọkọ wọn, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ọkùnrin àdúgbò bi Bàbá léèrè bóyá ẹ̀rù ò bà wọ́n, kí obìnrin àgbà máa lọ sáàárín àwọn ọmọ yunifásítì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. "Ùwé ló lọ fẹ́," ni Bàbá dá wọn lóhùn, "kò lọ fẹ́ ọkọ." Bí Sátidé bá dé, Bàbá fúnra wọn á gún iyán. A ó máa gbọ́ ìró ọmọ odó láti ẹ̀yìnkùlé wọn, kò dọ́gba rárá, kì-kì, ó tún di kì, bí ẹni tí ń rántí nǹkan. Àwọn ọkùnrin yẹn a máa yọjú lórí ògiri láti wò ó. Kókó pọ̀ nínú iyán náà, ṣùgbọ́n tí Màmá bá ti Adó dé, tí wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sì ní kò sí irú rẹ̀ ní Adó.

Lọ́dún kẹta, olùkọ́ tuntun kan wọlé wá kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní sìtátísíìkì. Ọmọ ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ni. Màmá ló rán ṣòkòtò tó kọ́kọ́ wọ̀ lọ sí ilé ìwé. Wọ́n tiẹ̀ ti nà án rí nígbà tó wà ní kékeré, nítorí ó fi ṣọ́ọ̀kì wọn ya ewúrẹ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Bó ti wọ kíláàsì tó rí wọn lórí àga iwájú, ó gbé ìwé sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Màmá náà yára kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, mà."

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde, sà."

Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Kíláàsì dàrú fún ẹ̀rín. Nígbà tó yá, wọ́n jọ ṣe àdéhùn: ní Adó, "ẹ" ni Màmá á máa pe olùkọ́ wọn, ní Òkè-Ìmẹ̀sí, "ìwọ" ni. Ohun tí èmi ń gbọ́ nìyẹn tó bá wálé: "Ìwọ, o ti rù jù! Ṣé wọn kì í jẹun ní yunifásítì yẹn ni?" Olùkọ́ á sì máa gbé ọwọ́ lé ẹnu láti fi pa ẹ̀rín mọ́.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdánwò ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ aṣọ tuntun, ogún ni, Màmá kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá. Wọ́n pa ìdánwò kékeré ọjọ́ Ẹtì kan jẹ, wọ́n sì fi ara tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu wọ gbọ̀ngán ìdánwò. Àwọn akọrin dára lójú lọ́jọ́ ìkórè. Màmá kùnà sìtátísíìkì.

Mo wà níwájú ilé lọ́jọ́ tí èsì jáde. Ọ̀kadà gbé Màmá dé oríta, àwọn èèyàn sì ń bi wọ́n láti ìhà méjèèjì títì pé báwo ló ṣe rí. Wọn kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo féèlì!" ni wọ́n ń wí, bí ẹni tí ń sọ fún àwọn ará ilé pé oúnjẹ ti jinná. "Mo féèlì sìtátísíìkì. Màá tún un ṣe!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ lé wọn wọ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n gbé áyọ̀ọ̀nù lé aṣọ kan, mo rí i pé ògiri ni wọ́n kọjú sí, èjìká wọn sì ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Ọdún kan gbáko ló kún ìrìn àjò wọn. Òórùn aṣọ tó ń jó ló là mí lẹ́nu: "Màmá, aṣọ!"

Wọ́n gbé áyọ̀ọ̀nù kúrò. Ihò tó tó ojú àtẹ́lẹwọ́ ti wà lára aṣọ náà. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Ó dáa," ni wọ́n wí, "ó di méjì lónìí." Bí omijé ti ń ṣàn ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn ń parí lọ, ìyá olùkọ́ dé sí ṣọ́ọ̀bù, ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú wá sílé ẹjọ́.

"Ìyàwó mi, mo mú un wá," ni ìyá náà wí fún Màmá. Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "Ṣé ẹni tó rán ṣòkòtò sí ọ nídìí kọ́ nìyí? Kí ni máàkì? Ṣé inú àpò rẹ lo ti ń yọ ọ́ ni, tó fi ń dùn ọ́?"

Òógùn ń ṣàn lójú olùkọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Màmá fi aṣọ nu bẹ́ǹṣì kan fún ìyá náà láti jókòó. Nígbà tí wọ́n wá bá ọmọ náà sọ̀rọ̀, "ẹ" ni wọ́n lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òkè-Ìmẹ̀sí la wà.

"Olùkọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ohun tí mo kọ nínú ìdánwò yẹn, ṣé ó tó kí n yege?"

"Kò tó, mà."

"Ṣé ẹ rẹ́ mi jẹ níbì kan?"

"Rárá o, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, bóyá mo lè rí nǹkan fi kún un. Mi ò rí."

"Ẹ ṣé é." Màmá yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, oore lẹ fẹ́ ṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mo fẹ́ dà. Bí wọ́n bá fi ohun tí n ò mọ̀ ta mí lọ́rẹ lónìí, kí ni màá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́la?"

Ìyá olùkọ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ìwọ obìnrin yìí," ni wọ́n wí, "orí rẹ le ju òkè tó wà lókè yìí lọ."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Màmá sì fa aṣọ dúdú kan yọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n na ṣọ́ọ̀kì sí olùkọ́. "Ẹ jókòó, ẹ fi ibi tí mo ti ṣìnà hàn mí."

Ó jókòó. Ó fa ilà, ó kọ nọ́ńbà, Màmá ń bi í ní ìbéèrè, ó ń pa á rẹ́, ó tún ń kọ ọ́. Ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ̀kankan ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wà níbẹ̀ títí oòrùn fi bọ́ sẹ́yìn òkè. Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbọn aṣọ náà pàpà, wọ́n sì fi rán síkẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó sọ fún oníbàárà náà pé wọ́n ti kọ́ yunifásítì lórí aṣọ rẹ̀.

Lọ́dún tí wọ́n fi kún un yẹn, Màmá fi pátákó kọ́ sára ilẹ̀kùn: "Ẹtì àti Sátidé, mo lọ sí ulé ùwé." Olórí akọrin wá bẹ̀bẹ̀ fún aṣọ ìkórè, Màmá ní kí wọ́n wọ ti èṣí. Wọ́n wọ̀ ọ́, orin náà ò sì dínkù. Nígbà tí èsì jáde, "bíì" ni Màmá gbà. Wọ́n ní ó yẹ kó jẹ́ "éè", àwọn mọ ibi tó ti já bọ́.

Bọ́ọ̀sì kan kún fún wa lọ sí Adó lọ́jọ́ ìgboyèjáde. Gáùn tí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gùn jù. Ọmọbìnrin kan tẹ tiẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ níwájú wa. Màmá ò lè gbà á.

"Ta ló rán ìránkúrán yìí?"

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n fa abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú yọ nínú báàgì, wọ́n sì ṣẹ́ etí gáùn ọmọbìnrin náà. Ẹlòmíràn dé. Ẹlòmíràn tún dé. Kí á tó mọ̀, ìlà ti gùn. "Dúró dáadáa. Má mira. Ìwọ, mú gìgísẹ̀ rẹ wálẹ̀." Ẹni kẹsàn-án ni wọ́n ń rán lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pe orúkọ wọn lórí makirofóònù. Wọn ò gbọ́. Wọ́n tún un pè. Bàbá, tí n kò gbọ́ ohùn wọn kó lọ sókè rí, ké débi pé gbogbo èèyàn yíjú: "Wọ́n ń pè ọ́ o! Ìyàwó mi, wọ́n ń pè ọ́!"

Màmá dìde fìrì, wọ́n sáré. Gáùn tiwọn nìkan ni wọn kò tíì ṣẹ́ létí, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì ká a sókè bí ẹni tí ń kọjá odò. Àwọn tí wọ́n ti bá ṣẹ́ gáùn dìde fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ké "Màmá! Màmá!" Olùkọ́ ju fìlà sókè láàárín àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń jó láìsí ìlù. Nígbà tí Màmá sọ̀ kalẹ̀, ẹni kẹsàn-án ṣì ń dúró dè wọ́n, apá kan gáùn rẹ̀ kúrú, apá kejì ń wọ́lẹ̀. Màmá fún mi ní ìwé ẹ̀rí náà dì mú, wọ́n jókòó, wọ́n sì rán an parí.

Wọ́n kọ́ ìṣirò ní girama kan títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣì wà, wọ́n ṣì ń ránṣọ. Èmi kò mọ ìṣirò bíi tiwọn, nọ́ọ̀sì ni mo padà dà, ní Ìjerò. Ohun mìíràn ni wọ́n fi sí mi lára, n kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ títí di èṣí, nígbà tí mo ṣe ìdánwò tí à ń fi gòkè lẹ́nu iṣẹ́, tí mo sì kùnà. Bí mo ti ń bọ̀ wálé, irọ́ ni mò ń tò sílẹ̀ lọ́kàn: èyí tí màá pa fún ọ̀gá mi, èyí tí màá pa fún ọkọ mi. Obìnrin tó ń sun àgbàdo ní ẹ̀gbẹ́ títì ló kọ́kọ́ rí mi.

"Nọ́ọ̀sì, ìdánwò ńkọ́?"

Mo la ẹnu láti purọ́. Ohun tó jáde, gbogbo àwọn tó wà nítòsí ló gbọ́ ọ: "N ò yege, mà. Màá tún un ṣe."

Ó wò mí, ó yí àgbàdo orí iná padà. "Ó dáa. Ṣé kí n mú èyí tó rọ̀ fún ọ?"

Ara mi fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun téèyàn bá ti lè sọ jáde lójú títì lọ́sàn-án gangan, kò lè bà á lẹ́rù mọ́. Iṣẹ́ lásán ló kù. Mo gba àgbàdo méjì, ó ń jó mi lọ́wọ́, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ sílé.